Garantie parí, ẹ̀tọ́ kò parí
Frigo tí ìyá àwọn ọmọ fi ń ta omi tútù kú ní oṣù kẹrìnlá. Garantie jẹ́ oṣù 12; ọlọ́jà ní kò kan òun mọ́. Ó kàn án! Ẹni tó ń tún frigo ṣe ní gáàsì ń jò níbi tí wọ́n ti jó páìpù pọ̀, láti ilé iṣẹ́ wọn ni. Abala 1641 nínú Code civil tí à ń lò ní Benin ní àbùkù tó ti fara pamọ́ sínú ọjà kí a tó rà á, tó sì sọ ọ́ di aláìwúlò, ọrùn ẹni tó tà á ló wà. (Bó bá jẹ́ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló bà á jẹ́, ìyẹn kò sí níbẹ̀.) Ṣùgbọ́n abala 1648 ní ká má fi falẹ̀. A ti ní kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, a so ó mọ́ ìwé owó. Ọjọ́ Ajé la ń padà lọ.