Ọjá Ìkookò Onílà Kan Ní Takie

Ẹ̀yin ònkàwé mi, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ewéko kan ni mo fẹ́ bá yín sọ, ewéko tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọjá ìkookò ni. Bí ẹ bá gba Takie kọjá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó rí i nínú àwọn ìkòkò tí wọ́n tò sí iwájú ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìtura. Ewé rẹ̀ gùn, ó nípọn nítorí omi tó ń tọ́jú sára de ọ̀gbẹlẹ̀, ó nàró ṣánṣán bí idà, àwọn àmì bíi ti awọ ejò sì dábùú rẹ̀ láti ìdí dé òkè. Àwọn aláfẹ́ Èkó ń pè é ní snake plant. Lójú tèmi, orúkọ tí àwọn baba wa fún un dára jù ú lọ: wọ́n wo ewé gbọọrọ tí kì í já bọ̀rọ̀, wọ́n rántí aṣọ tí abiyamọ fi ń gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n sì fi í fún ẹranko inú igbó.

Ẹkùn tiwa ni ewéko yìí ti wá. Láti Nàìjíríà títí dé Kóńgò ni igbó rẹ̀ wà. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti fún un ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ̀ ọ́n sí: nínú ìwé tó dá lórí àwọn ewéko Bengal, ní ilẹ̀ Íńdíà. David Prain, ọmọ Scotland tó jẹ́ alábòójútó ọgbà ewéko ìjọba ní Calcutta, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1903 ní Sansevieria trifasciata. Ewéko wa ti rin ìrìn àjò dé ọ̀hún, ó ti di òdòdó ọgbà, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́nà tí ayé gbà. Ọlọ́lá kan ní ilẹ̀ Ítálì sì ni wọ́n fi orúkọ àkọ́kọ́ yẹn yẹ́ sí. Ní ọdún 2017 ni wọ́n tún orúkọ náà ṣe, wọ́n kó ọjá ìkookò sí abẹ́ Dracaena, ìdílé kan náà tí pèrègún wà. Inú mi dùn sí èyí ju bó ti yẹ lọ. Pèrègún ni a fi ń pààlà ilẹ̀, òun ni a ń gbìn sí ojúbọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé ọmọ ìyá ni òun àti ọjá ìkookò.

Irúfẹ́ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé ni èyí tí etí ewé rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n ń pè ní 'Laurentii'. Émile Laurent, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ló mú un láti Kóńgò. Ọmọ ìlú rẹ̀, Émile De Wildeman, ló kọ àpèjúwe rẹ̀ jáde ní ọdún 1904. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1939, ní ọgbà olódòdó kan ní New Orleans, William W. Smith rí ọ̀kan tí kò ga rárá: ewé rẹ̀ kúrú, wọ́n sì tò yípo bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ní ọdún 1941, ìjọba Amẹ́ríkà fún irúfẹ́ náà ní ìwé ẹ̀tọ́ onínǹkan, nọ́ńbà 470. Sylvan Frank Hahn ti Pittsburgh ni wọ́n fi ẹ̀tọ́ náà lé lọ́wọ́, 'Hahnii' sì ni gbogbo ayé ń pè é títí dòní. Kò sí olè nínú rẹ̀ o. Òfin Amẹ́ríkà láti ọdún 1930 fàyè gba ẹni tó bá rí irúfẹ́ ewéko tuntun láti gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, kó sì fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Smith ló rí i, Hahn ló jẹ orúkọ, ilẹ̀ Áfíríkà ló bí i.

Màmá kan ló mú kí n máa ka gbogbo èyí. Wọ́n ń ta òdòdó ní ojú ọ̀nà kan tí kò jìnnà sí Takie. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn kò sì fẹ́ kí n dárúkọ wọn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà àti kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí ni ìkòkò wọn. Lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò ọdún 2021, wọ́n rí i pé ọmọ kan tó yọ nínú kẹ́ẹ̀gì ọjá ìkookò kò jọ ìyá rẹ̀: ìlà kan ṣoṣo tó mọ́lẹ̀ gba àárín ewé rẹ̀ kọjá láti ìdí dé ṣóńṣó. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé àrùn ni. Ọmọ ọmọ wọn fẹ́ fà á tu. Wọ́n ní kó fi í sílẹ̀, wọ́n sì yà á sọ́tọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn kò ní idán nínú. Níbi tí ewéko ti ń yọ ọ̀mùnú, ìpele ìpele ni ara rẹ̀ tò lé ara wọn. Bí ìpele kan bá yí padà tí kò lè ṣe àwọ̀ ewé mọ́, gbogbo ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde yóò ṣì, èyí tí àwọn ìpele yòókù bí yóò sì máa tutù yọ̀yọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ewéko kan, ara méjì. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi ewé bí i. Ẹ mọ àbámọdá: bí ewé rẹ̀ bá já sílẹ̀, etí ewé náà yóò hu ọmọ. Ọjá ìkookò pẹ̀lú, bí a bá gé ewé rẹ̀ tí a rì í mọ́ iyẹ̀pẹ̀, yóò hù lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún 'Laurentii', ọmọ tí yóò yọ yóò jẹ́ aláwọ̀ ewé lásán. Etí ìyeyè ti lọ nìyẹn, nítorí inú ìpele kan ni ọmọ náà ti jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kí àmì dúró gbọ́dọ̀ ṣe é bí a ti ń ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀: kó dúró de ọmọ tí yóò ti abẹ́ ilẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, kó sì yà á pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀.

Màmá kò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ èyí. Ewé kan ni wọ́n gé gbìn ní ọdún àkọ́kọ́. Nígbà tó hù láìní ìlà, wọ́n pa ọ̀nà yẹn tì. Láti ìgbà náà, yíyà ni wọ́n ń yà á. Iṣẹ́ sùúrù gbáà ni. Ní ọdún mẹ́rin, ewéko kan di mọ́kànlá.

Ìgbà náà ni wọ́n pè mí. "Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ìwọ lo ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn. Gbogbo ohun tí kò bá sí nínú ìwé, òfo ni lójú àwọn tó ń ṣèjọba. Wá bá mi kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo lọ bá olùkọ́ kan ní LAUTECH, ó sì là mí lóye pé rírí nìkan kò tó. Àdéhùn àgbáyé lórí irúfẹ́ ewéko tuntun, èyí tí wọ́n ń pè ní UPOV, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 1991, sọ pé ẹni tó ni irúfẹ́ tuntun ni ẹni tó bí i, tàbí ẹni tó rí i tó sì mú un dàgbà di irúfẹ́. Nàìjíríà náà ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2021. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ irúgbìn ní Àbújá, National Agricultural Seeds Council, ló wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òfin yẹn jáde, àgbàdo àti ẹ̀wà ni gbogbo wa ń jiyàn lé lórí nínú ìwé ìròyìn. N kò rántí ẹnì kan tó bèèrè ohun tó kan olódòdó. Ohun mẹ́rin ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ń bèèrè: kí irúfẹ́ náà má tíì di ohun tí a ti ń tà káàkiri, kó yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí ayé ti mọ̀, kí gbogbo rẹ̀ bára mu, kó má sì yí padà bí a ṣe ń bí i láti ìran dé ìran. Lẹ́yìn náà, kó ní orúkọ.

Ti àpèjúwe ni mo rò pé yóò rọ̀ mí lọ́rùn, torí iṣẹ́ mi ni. Olóòtú tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń fi bírò pupa pa ọ̀rọ̀ bí "ẹlẹ́wà" àti "àrà ọ̀tọ̀" rẹ́. Ó ní kí n sọ ohun tí mo rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ yìí. Mo fi rúlà wọn ewé kọ̀ọ̀kan nínú kẹ́ẹ̀gì mọ́kọ̀ọ̀kànlá: èyí tó ga jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 58, èyí tó fẹ̀ jù jẹ́ 5, ìlà àárín kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 1 àti ààbọ̀ lọ. Mo ka ewé tó wà lórí ìdí kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọjọ́, mo kọ ibi tí oòrùn ti ń pa á, torí pé ewé tó wà lábẹ́ ìbòòji máa ń dúdú ju èyí tó wà ní gbangba lọ. Kí a tó lè sọ pé ó yàtọ̀, a gbọ́dọ̀ fi í wé èyí tó sún mọ́ ọn jù. 'Bantel's Sensation' ni olùkọ́ náà dárúkọ, irúfẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ìlà funfun púpọ̀ ń tẹ̀lé gígùn ewé rẹ̀. A fi àwòrán rẹ̀ síwájú. Ìlà tirẹ̀ pọ̀, ó sì tú ká. Ti Màmá jẹ́ ọ̀kan, ó sì dúró láàárín.

Àwọ̀ ló dá wa dúró. Àwọn onímọ̀ ní ìwé àwọ̀ tí ẹgbẹ́ olódòdó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal Horticultural Society, ṣe, tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí "funfun" tèmi àti "funfun" ará Japan lè jẹ́ ohun kan náà. Mo ti kọ "funfun" sílẹ̀ kí Màmá tó mi orí. "Kì í ṣe funfun òwú," ni wọ́n wí, "funfun ẹ̀kọ ni." Mo wò ó dáadáa. Òótọ́ ni, ó jọ ẹ̀kọ tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já kúrò nínú ewé, tí àwọ̀ ewé ti rá mọ́ lára díẹ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì fi àyè sílẹ̀ fún nọ́ńbà.

Ti orúkọ ní òfin tirẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1959, a kò gbọ́dọ̀ fi èdè Látìn-ìn sọ irúfẹ́ tuntun lórúkọ mọ́. Èdè tí àwọn ènìyàn ń sọ ni kó jẹ́, kó má sì ju lẹ́tà 30 lọ. Kò sí ohun tó ní kí Yorùbá má jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè náà. Ẹ sì wo máńgòrò wa: gbogbo ọjà Ìbàdàn ló ń pe máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ ní orúkọ ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ yan igi náà kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà.

Nínú oṣù tó kọjá ni oníṣòwò òdòdó kan wá láti Èkó. Ẹnì kan ló fi àwòrán ewé náà ránṣẹ́ sí i. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa atẹ́gùn mímọ́, ìwádìí NASA ti ọdún 1989 tí gbogbo olódòdó ti há sórí. (Inú àpótí tí a sé pa ni wọ́n ti ṣe ìwádìí yẹn, kì í ṣe nínú pálọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀.) Ó na ₦200,000 síwájú Màmá fún gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá, bí wọn kò bá ní fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún ara wọn. Òrùlé wọn ń jò. Owó ìfẹ̀yìntì wọn kì í bọ́ sí àkókò. N kò lè jókòó síbẹ̀ kí n máa pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n kọ̀ ọ́, nítorí kì í ṣe orí tèmi ni òjò ń rọ̀ lé. Mo kàn ṣàlàyé ohun tó wà nínú ẹyọ kan tí kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù yẹn. Wọ́n bi ọkùnrin náà pé, "Bí o bá ń tà á, orúkọ wo lo máa pè é?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò rí orúkọ fún un. Wọ́n ní méjì ni àwọn lè tà fún un, kó sì buwọ́ lùwé pé kò ní bí i fún títà. Ó fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ.

Ọ̀kan nínú ewé náà wà ní ilé mi báyìí, tí mo là sí méjì lóòró kí omi rẹ̀ lè gbẹ, láàárín àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tí mò ń pààrọ̀ lójoojúmọ́. Bó bá gbẹ tán, yóò lọ sí ilé àkójọ ewéko ti Forest Herbarium ní Ìbàdàn, pẹ̀lú ìwé àpèjúwe àti ọjọ́. Màmá ti yan orúkọ, wọ́n ní kí n má tíì gbé e jáde.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, mo lọ wọn àwọn ewé lẹ́ẹ̀kan sí i. Kẹ́ẹ̀gì kẹfà ti yọ ọmọ tuntun, ewé mẹ́ta, tútù láti ìdí dé ṣóńṣó, kò sí ìlà kankan lára rẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀, wọ́n fà á tu pẹ̀lú gbòǹgbò, wọ́n sì gbé e sórí ìtẹ́ ọwọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá kí n kọ ọ́ sínú ìwé náà. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i àbí o kò rí i?" Mo kọ ọ́: kẹ́ẹ̀gì kẹfà, ọmọ kan, kò ní ìlà. A ó tún dúró de ẹ̀ẹ̀rùn kan sí i.