Ọdún tí ó Tẹ̀lé Adé

Kò sí ẹni tí ó rán mi níṣẹ́ pé kí n lọ fẹ́ràn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ó wà ní òkè òkun. Iṣẹ́ tèmi ni kíkọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá, ohun tí ó sì yẹ kí ó máa jẹ mí lógún ni àmì ohùn àti ìtò gbólóhùn. Síbẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 2023, èmi náà wà nínú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan, lórí bẹ́ǹṣì onípákó, láàárín àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́, mo ń pariwo títí ohùn fi há mi lọ́fun. Ẹgbẹ́ Napoli ti ìlú Naples ní ilẹ̀ Ítálì ni a ń wò. Wọ́n lọ bá Udinese ní ilé rẹ̀, Udinese sì ti kọ́kọ́ jẹ ayò kan kí Victor Osimhen tó dá a padà. Ọ̀mì ọ̀kan sí ọ̀kan ni wọ́n gbá, ọ̀mì yìí sì tó láti sọ wọ́n di aborí líìgì Ítálì, ohun tí ojú wọn kò rí mọ́ láti ọdún 1990.

Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí ó fà mí mọ́ Napoli, n kò ní fi pamọ́: Osimhen ni. Ẹ̀sán ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Èkó ni ó dàgbà sí, ní àdúgbò Olúsosùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn ńlá nì. Ó ti kiri omi láàárín ọkọ̀ rí nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, kí bọ́ọ̀lù tó gbé e la ìlú òyìnbó mélòó kan kọjá, tí ó fi dé Naples ní ọdún 2020. Nínú líìgì ọdún tí mo ń sọ yìí, ayò 26 ni ó gbá wọlé, kò sì sí ẹni tí ó gbá tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ítálì. Àmì 90 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ. Pápá ìṣeré wọn ń jẹ́ orúkọ Diego Maradona, ẹni tí wọ́n tipasẹ̀ rẹ̀ gba adé méjì àkọ́kọ́ ní ọdún 1987 àti 1990. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, pápá yìí kún fọ́fọ́ fún àwọn ènìyàn tí ó wá fi ẹ̀rọ ìwòran ńlá wo eré tí a ń gbá ní ìlú mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ayọ̀ náà kò tíì tutù lẹ́nu wa tí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ilé. Luciano Spalletti, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó kó wọn dé orí òkè náà, sọ pé ó rẹ òun, òun fẹ́ lọ sinmi. (Ìsinmi náà kò gùn, nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ, wọ́n ti fi ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Ítálì lé e lọ́wọ́.) Cristiano Giuntoli, ẹni tí ó ń bá wọn wá àwọn agbábọ́ọ̀lù tí òkìkí wọn kò tíì kàn, gba ọ̀nà Juventus lọ. Kim Min-jae, ọmọ Kòríà tí ó dúró bí ìrókò lẹ́yìn wọn, ni Bayern ti ilẹ̀ Jámánì rà. Ṣùgbọ́n Osimhen kò lọ. Khvicha Kvaratskhelia, ọmọ Jọ́jíà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ré àwọn adẹ́yìnmú lọ, kò lọ. Stanislav Lobotka tí ó ń pín bọ́ọ̀lù láàárín pápá kò lọ. Nítorí náà èmi àti àwọn tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì wí fún ara wa pé ẹrù tí a ti dì ni, kí ẹnì kan ṣáà wá gbé e rù. Aurelio De Laurentiis, onísinimá tí ó ra ẹgbẹ́ náà nígbà tí ó wọ gbèsè ní ọdún 2004, rò bẹ́ẹ̀ náà, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó pe Rudi Garcia, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ti fi Lille gba líìgì ilẹ̀ wọn ní ọdún 2011.

Wọ́n borí nínú eré méjì àkọ́kọ́. Ní ẹ̀kẹta, Lazio wá sí Naples, ó sì fi ayò 2 sí 1 lù wọ́n. Ní Genoa, Garcia pe Kvaratskhelia jáde kí eré tó parí, ọmọ náà kò sì lè fi ìbínú rẹ̀ pamọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní Bologna, Osimhen gbá pẹ́náltì sí ìta. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí eré parí, Garcia pe òun náà jáde. A rí i tí ó ń na ìka sókè sí akọ́nimọ̀ọ́gbá bí ẹni tí ó ń wí pé kí wọ́n fi atamátàsé méjì sílẹ̀ nínú pápá. Òdo sí òdo ni wọ́n gbá. Ohun tí ó wá dùn mí jùlọ ni pé, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ojú-ìwé TikTok ti Napoli fúnra rẹ̀ gbé àwòrán kan jáde tí ó fi pẹ́náltì náà ṣe yẹ̀yẹ́. Aṣojú Osimhen ní àwọn lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹgbẹ́ náà ní àwọn kò ní i lọ́kàn láti fi í ṣẹ̀sín. Ẹni tí ilé kún fún orin ìyìn rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ni ilé kan náà ń fi rẹ́rìn-ín ní oṣù kẹsàn-án.

Mo wọ kíláàsì lọ́jọ́ kejì, mo sì bú Garcia níwájú àwọn ọmọ. Mo ní wọ́n gún iyán fún un, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, ọbẹ̀ lásán ni wọ́n ní kí ó sè, kò sì lè sè é. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn sí ọ̀rọ̀ ara mi.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan nísinsin yìí tí n kì bá fẹ́ sọ. Ní ọdún náà gan-an, ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹgbẹ́ òṣèré kan tí ó ti gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè wa. Olùkọ́ àgbà kan ni ó ti ń darí wọn láti ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n fa ẹgbẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ó kó ìwé eré, aṣọ ọba, ìlù méjì àti orúkọ àwọn ọmọ fún mi, mo sì fi ọwọ́ sí i pé mo gbà á. Àwọn ọmọ ọdún tí ó kọjá ni ó pọ̀ jùlọ nínú wọn. Mo pín ìwé fún wọn, mo fi aago sórí tábìlì, mo gba ipò ìyá ọba lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan nítorí pé ó máa ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ohun tí a kọ. Títí oṣù kẹwàá, eré náà gbẹ bí ẹja pànlà. Ọ̀rọ̀ pé lẹ́nu wọn, ẹ̀mí ni kò sí nínú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ń ṣe ìránṣẹ́ ọba dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ.

“Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ má bínú,” ni ó wí. “Ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n ni. Garcia ni wọ́n ń pè yín.”

“Ta ni ó ń pè mí bẹ́ẹ̀?”

Ó wo ilẹ̀. “Gbogbo wa ni, sà.”

Mo ní kí ó máa lọ sílé. N kò bá a wí, n kò sì rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo eré Napoli. Mo rí i pé ohun tí Spalletti fi sílẹ̀ kò sí nínú ohun tí a lè kà fún ẹni tí ó ń gba iṣẹ́. Ní ọdún adé, ẹni tí ó gba bọ́ọ̀lù kì í wojú wo ibi tí ẹnì kejì rẹ̀ wà. Ó mọ̀ pé yóò wà níbẹ̀. Ní ọdún kejì, ẹsẹ̀ kan náà ni, aṣọ kan náà ni, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń gbé orí sókè wá ẹni tí yóò fún ní bọ́ọ̀lù, ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn sì ti tó fún ọ̀tá láti dé. Kim nìkan kọ́ ni ó fa èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ayò tí ó wọ ilé wọn fò láti 28 sí 48. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi àti Garcia ti gba aṣọ, àkísà ni a kò mọ ibi tí ó wà.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá, Empoli wá fi ayò kan ṣoṣo lù wọ́n nílé, wọ́n sì lé Garcia lọ. Ipò kẹrin ni ó wà lọ́jọ́ tí wọ́n lé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi yọ̀. Èmi jókòó jẹ́ẹ́. Walter Mazzarri, tí ó ti darí wọn rí láti ọdún 2009 sí 2013, ni wọ́n pè padà, bí ìgbà tí ènìyàn ń wá ooru lọ sí inú ààrò àná. Ní oṣù kejìlá, Frosinone, ẹgbẹ́ kékeré tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè wá, wọ pápá Maradona, ó sì fi ayò 4 sí òdo lé wọn kúrò nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ Ítálì. Kí ọdún tó parí, De Laurentiis jáde, ó bẹ àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà, ó sì wí pé ọwọ́ òun ni ẹ̀bi wà. N kì í ṣe olólùfẹ́ ọkùnrin náà, nítorí ẹnu rẹ̀ a máa yá jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Nígbà tí a wọlé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, mo pe àwọn òṣèré mi jọ, mo sì wí fún wọn pé mo ti ṣe àṣìṣe. Mo bi wọ́n pé báwo ni olùkọ́ tí ó lọ ti ń ṣe é. Kò kọ́kọ́ sí ẹni tí ó fọhùn. Nígbà tí ó yá, ọmọbìnrin tí mo gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ wí pé, “Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré, sà. Abẹ́ igi máńgòrò ni a máa ń jókòó sí, wọn á bi olúkúlùkù wa ní ohun tí ó rí lójú ọ̀nà.” Gbogbo àṣírí náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Kò sì sí nínú ẹrù tí mo fi ọwọ́ sí. Mo dá ipò ìyá ọba padà fún un, mo gbé aago kúrò lórí tábìlì, a sì kọjá sí abẹ́ igi.

Ní ti Napoli, díẹ̀ ni ó kù láti sọ. Ní Riyadh, ní oṣù kìn-ín-ní náà, wọ́n lu Fiorentina ní 3 sí òdo, kí Inter tó fi ayò kan gba ife náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Osimhen kò sí lọ́dọ̀ wọn. Ó wà ní Ivory Coast pẹ̀lú ẹgbẹ́ Nàìjíríà, níbi tí àwa náà ti pàdánù ní àṣekágbá ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì. Ó padà dé bá akọ́nimọ̀ọ́gbá kẹta, Francesco Calzona, ẹni tí wọ́n gbé dé nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí Barcelona wá sí Naples. Ọ̀kan sí ọ̀kan ni wọ́n gbá níbẹ̀, Osimhen ni ó sì gbá ti Napoli wọlé. Ní Barcelona, 3 sí 1 ni wọ́n fi lé wọn padà. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, wọ́n bá Lecce gbá òdo sí òdo, ọdún náà sì parí: ipò kẹwàá, àmì 53, kò sì sí àyè fún wọn nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù kankan fún ọdún tí ń bọ̀.

Àwa náà kò gba ẹ̀bùn kankan ní ìdíje ọdún náà. N kò ní parọ́ fún yín.

Ní ọdún kejì, Antonio Conte ni ó kó Napoli, Osimhen sì ti lọ sí Galatasaray ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù karùn-ún ọdún 2025, wọ́n lu Cagliari ní 2 sí òdo, wọ́n sì tún gba adé, àmì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ju Inter lọ. Mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lórí bẹ́ǹṣì mi àtijọ́, n kò sì pariwo bí ti ìṣáájú. Bí mo ti ń darí sílé, iṣẹ́-ìjẹ́ kan wọ inú fóònù mi láti ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tí ó ń ṣe ìránṣẹ́ ọba, tí ó ti jáde ìwé. Ó bèèrè bóyá àwọn ọmọ ti sọ orúkọ mi di Conte báyìí.

N kò fèsì títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo sì máa fèsì, ohun tí mo kọ sí i ni pé kí ó tún ọ̀rọ̀ náà kọ, kí ó fi àmì ohùn sí i.