Ẹsẹ̀ Ọmọdé Lórí Òrùlé Aninilára

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn. Èyí tí kò jó ńkọ́? Ilé tí wọ́n kọ́ láti fi yin aninilára, tó ṣì dúró gbọin láàárín ìgboro, kí ni ká ti ṣe é sí?

Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Tirana, olú-ìlú Albania. Enver Hoxha ló ṣe olórí ibẹ̀ láti 1944 títí ó fi kú ní 1985. Ìjọba kọ́múníìsì rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí pa ní 1967. Ó rán ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sẹ́wọ̀n, ó sì pa àwọn mìíràn. Ní 1988, wọ́n ṣí ilé ńlá kan tó rí bíi píráḿíìdì fún ìrántí rẹ̀. Pranvera, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà lára àwọn tó ya àwòrán ilé náà. Nígbà tó fi máa di 1991, ìjọba ti ń dojú dé, wọ́n sì pa ilé ìrántí náà tì.

Ilé wá di ti gbogbo ayé. Wọ́n ṣèpàdé níbẹ̀, wọ́n jó níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn gba apá kan. Àwọn ọmọdé ń gun òrùlé rẹ̀, wọ́n ń yọ̀ ṣòròròò bọ̀ nílẹ̀. Ní 2011, ìjọba fẹ́ wó o kí wọ́n lè kọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin síbẹ̀, ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Wọn ò wó o mọ́. Ní 2023 ni wọ́n tún un ṣí. Àwọn ayàwòrán-ilé MVRDV láti Netherlands ti fi àtẹ̀gùn sí ara òrùlé náà. Nínú ilé yìí kan náà, TUMO ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 12 sí 18 ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, fíìmù àti orin lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo sọ ọ́ fún ẹni tá a jọ ń gbé yàrá. Ó ní, "Àbí orí ẹ ò pé ni? Tó bá jẹ́ bàbá mi ni wọ́n tì mọ́lé, màá ní kí wọ́n wó o, jàre!" Mi ò tètè rí èsì fọ̀. Ẹni tó kàn ló mọ̀.

Síbẹ̀, èmi tí mò ń kọ́ nípa oríkì mọ̀ pé oríkì kì í pa ìwà ìkà rẹ́. Ó ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwà rere ni, kí ọmọ tó ń bọ̀ lè gbọ́ méjèèjì. Bí wọ́n bá wó ilé náà, kí ni wọn yóò na ìka sí tí wọ́n bá ń pìtàn?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù yàtọ̀ sí wíwó. Bí ọmọ tó ń gun òrùlé yẹn kò bá mọ orúkọ ẹni tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ́ ọ, àtẹ̀gùn lásán ló ń gùn. Ẹ sọ ọ́ fún un ná. Ẹ dárúkọ Hoxha, ẹ dárúkọ àwọn tó kú sẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn náà, kó máa gùn ún lọ, kó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa.