Alángbá Màmá Àgbà: bí mo ṣe wá ẹni tó mọṣẹ́ kí n tó fín ara

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti bi mí léèrè nípa alángbá tó wà lápá òsì mi. Àwọn kan fẹ́ mọ bí mo ṣe rí ẹni tó ṣe é, àwọn kan sì fẹ́ mọ ohun tó gbé mi dé ìdí tàtúù. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn méjèèjì pọ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa ń fín ara gan-an báyìí, iye owó nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń béèrè.

Ọmọ Òhọ̀rí ni ìyá tó bí ìyá mi. Kóló wà lára wọn, ní àyà, ní ẹ̀yìn àti ní apá. Ẹ̀yin àgbà yóò mọ kóló. Olóólà ló ń fi abẹ gé awọ ara wẹ́wẹ́, ìlà kéékèèké á tẹ̀lé ara wọn, á wá fi dúdú ra ojú rẹ̀. Bó bá jinná, á dúdú ju ara lọ, á sì ga díẹ̀ tí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ilà ojú tí a fi ń mọ ọmọ onílé bíi pélé tàbí àbàjà. Ẹwà ni, ìgboyà sì ni. Ọmọbìnrin tó bá lè jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ abẹ, wọ́n gbà pé yóò lè fara da ìrọbí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń bá Màmá Àgbà fọ ẹ̀yìn. Ìka mi mọ gbogbo iṣẹ́ ara wọn, èyí tí mo sì fẹ́ràn jù ni alángbá kan tó wà lápá òsì. Ní agbo ilé wa lónìí, àwọn nìkan ló kù tí wọ́n ní kóló lára. Olóólà tó fín wọn ti kú tipẹ́, kò sì sí ọmọ rẹ̀ tó gba iṣẹ́ náà. Bí Màmá Àgbà bá lọ, alángbá yẹn yóò bá wọn wọ ilẹ̀. Ohun tó ń gbé mi lọ́kàn nìyẹn.

Ìyá mi kò gbà. Wọ́n ka Léfítíkù orí 19, ẹsẹ 28 fún mi. Mo ní, "Ìyá mi, ara ìyá yín ni mo ti rí i." Wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà.

Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ wà ní Kútọnu. Àwòrán kún ara ògiri, orin ń dún, 15.000 sẹ́fà ni ọ̀gbẹ́ni náà pè é. Mo béèrè abẹ́rẹ́ tí yóò lò. Ó fà á yọ láti inú agolo tó rẹ ẹ́ sí. Mo béèrè tàdáwà. Ìkòkò kékeré tó fi ṣe ti ẹni tó jáde kí n tó wọlé ló tún sún mọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní mo ń lọ mú owó wá. Mo gun zémidjan, ó di ilé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tàtúù ń gún awọ ara lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń yọ. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹni kan bá kù lára abẹ́rẹ́ tàbí nínú tàdáwà, ó lè gbé àrùn sída tàbí àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ fún ẹni tó tẹ̀lé e. Kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, kódà bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ti gbẹ. Fífi òwú àti ọtí nu abẹ́rẹ́ kò tó. Abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni, ohun tí wọ́n bá sì fẹ́ lò lẹ́ẹ̀kejì gbọ́dọ̀ kọjá nínú autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi oru gbígbóná pa kòkòrò nílé ìwòsàn.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì kan. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò sí àrùn, ó wá ní kí n gba àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á: ti òní, ti oṣù kan sí i, àti ti oṣù 6. Mo gbà. Ní oṣù kẹrin ni Màmá Àgbà dùbúlẹ̀ àìsàn, tí wọn kò lè jẹun. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Kí lo tún ń dúró dè? Ṣé ìgbà tí wọ́n bá lọ tán lo fẹ́ fi hàn wọ́n?" Oorun kò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Àmọ́ mo ronú pé ohun tí mo fẹ́ fi ṣe ìrántí wọn kò gbọ́dọ̀ di ohun tí yóò pa mí. Mo dúró. Ọlọ́run sì gbé Màmá Àgbà dìde.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kan ni mo padà rí. Àwòrán iṣẹ́ tó ti jinná lára àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Ẹ fiyè sí èyí: iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ abẹ́rẹ́ kì í ṣòro láti lẹ́wà. Ẹ ní kí wọ́n fi èyí tó ti lo ọdún kan hàn yín. Lẹ́yìn náà, òun ló ń bi mí ní ìbéèrè. "Àǹtí, ṣé àpá yín máa ń wú? Ìdílé yín ńkọ́?" Ó wo etí mi níbi tí wọ́n lu, ó wo ojú àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbà ọmọdé lápá mi. Àpá tó ń wú ga pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, pàápàá ní àyà, èjìká àti etí. Ó ní òun kò ní fi ọwọ́ kan àyà tàbí èjìká mi, pé kí a ṣe é sí ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́.

Mo ti fi ọ̀rá funfun lé apá Màmá Àgbà, mo sì fi bírò tẹ̀lé ìlà alángbá náà. Ó wò ó pẹ́. Ó ní òun yóò fi àyè díẹ̀ sí àárín àwọn ìlà náà, nítorí tàdáwà máa ń fẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Àwọ̀ dúdú nìkan ló sì lò, torí òun ló ń hàn jù lára wa. Ojú mi ló fi já ọ̀rá abẹ́rẹ́ tuntun. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó da tàdáwà sínú ìdérí kékeré tó jù nù lẹ́yìn iṣẹ́. 45.000 sẹ́fà ni mo san. Wákàtí mẹ́ta ni. Ó ta mí bí ìgbà tí èèrà ń jẹni lójú kan náà, kò gbé ọwọ́ kúrò. Mo jókòó jẹ́ẹ́.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń fi omi àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, mo ń fi òróró ìpara díẹ̀ pa á. Mi ò bọ́ sínú omi òkun, mi ò jẹ́ kí oòrùn pa á, mi ò sì họ ọ́ nígbà tó ń hún mi, bó ti wù kó rí.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí Òhọ̀rí. Màmá Àgbà fi àtàǹpàkò ra alángbá náà títí. Wọ́n ní, "Ó dán. Kò ga. Tìrẹ, ojú nìkan ló ń rí i. Tèmi, ọwọ́ náà rí i." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ olóólà. Ọ̀kan sá dìde kí ó tó parí, ìdajì iṣẹ́ yẹn ló sì gbé wọ ilé ọkọ, òun ló gbé wọ sàréè. Ogójì ọdún ó dín díẹ̀ ni mo ti wà láyé, n kò gbọ́ ìtàn yìí rí. Apá mi ló fà á jáde lẹ́nu wọn.

Ìyá mi kò tíì sọ nǹkan kan. Bí àlejò bá wọlé, wọ́n á ní kí n fa apá aṣọ mi sílẹ̀. Mò ń fà á sílẹ̀.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ fín ara. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó béèrè abẹ́rẹ́, kó béèrè tàdáwà, kó wo iṣẹ́ tó ti jinná, kó sì yẹra fún ẹni tí ìbéèrè ń bí nínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní ìyá àgbà tí kóló wà lára wọn, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ béèrè orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó fín in. Ìyẹn kò ná yín ní sẹ́fà kan, kò sì ní dùn yín lára. Ẹ ṣe é nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn.