Ìgò Epo Méjì

Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn olùrìn-àjò mímọ́ bá ń wọ́ lọ sí ihò àpáta Arigbo, kò sí ilé tí kì í gba àlejò ní Dassa-Zoumè. Tiwa náà kún lọ́dún náà. Gáàsì tán mọ́ wa lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òjò sì ti rẹ igi ìdáná, nítorí náà a gbé sítóòfù kẹrosíìnì àtijọ́ jáde lábẹ́ ibùsùn. Ọmọ wa, tí kò tíì pé ọdún méjì, ń retí ẹ̀kọ gbígbóná.

Sítóòfù gbaná, ṣùgbọ́n iná náà kò dúró. Yóò ràn, yóò ta pàrà-pàrà bí ìgbà tí a da iyọ̀ sí i, yóò pọ́n, yóò sì kú. A rò pé afẹ́fẹ́ tí ń gba àárín àwọn òkè wá ni. A gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó tún kú. A wo àwọn òwú rẹ̀. Orí wọn ti di èédú, a fi àlùmọ́gàjí gé wọn dọ́gba. Ìdí wọn kan epo dáadáa. A fi abẹ́rẹ́ la ihò kékeré orí ìdérí rẹ̀, torí bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé, epo kì í gòkè bí ó ti yẹ.

Ó kú lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbà náà ni a tó ṣe ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe: a da epo náà sínú ìgò funfun, a gbé e kalẹ̀. Láìpẹ́, ìlà kan yọ nísàlẹ̀ ìgò. Omi ni. Omi wúwo ju kẹrosíìnì lọ, ìsàlẹ̀ ni í sùn sí, níbi tí ìdí òwú gan-an wà.

A da gbogbo rẹ̀ nù, a fún àwọn òwú, a sì rán àbúrò wa kan tí ó ti Abẹ́òkúta wá pé kí ó lọ ra lítà kan pétrole wá lẹ́bàá títì. Bẹ́ẹ̀ ni a ń pè é níhìn-ín. Nínú Faransé tiwa, pétrole ni a fi ń tan àtùpà. Essence ni ọkọ̀ ń mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti Abẹ́òkúta wá, bẹntiróòlù ni etí rẹ̀ gbọ́. Kò gbọ́ Faransé, ó sì ní kí ìyá elépo fún òun ní èyí tí wọ́n ń bù sí alùpùpù. Irú ìgò kan náà ni wọ́n fi ń ta méjèèjì.

Ó dé. A ti ṣí ìdérí, irin sítóòfù ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìṣáná wà nítòsí, ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Òórùn ni ó dá wa dúró. Ó mú jù. A kán an sí àtẹ́lẹwọ́: ó tutù rìrì, ó sì gbẹ kíá láìfi ọ̀rá sílẹ̀. Kẹrosíìnì kì í gbẹ bẹ́ẹ̀.

«Ẹ̀gbọ́n, bẹntiróòlù tí ẹ ní kí n rà ni.»

A kò lè bá a wí. Kẹrosíìnì ní láti gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 38 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì kí oru rẹ̀ tó lè gbaná. Oru bẹntiróòlù ń gbaná kódà nínú òtútù tí ń sọ omi di yìnyín. A rántí Sèmè-Kraké, níbi tí epo tí wọ́n kó pamọ́ ti gbaná ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, tí ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 30.

Ní kíláàsì, a máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ tí ó jọra nínú èdè méjì tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò papọ̀. Láàrin Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo àpẹẹrẹ wa ti ń wá. A kò kọ èyí sójú pátákó rí.

Ẹ̀kọ tútù ni ọmọ mu sùn, pẹ̀lú ẹkún. Ẹni tí ń wa zémidjan ládùúgbò wa ni a fún ní ìgò náà. Ní òwúrọ̀, bí oòrùn ti yọ díẹ̀, a sá àwọn òwú sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé. Àbúrò wa kọ̀ kí ẹlòmíràn lọ ra epo. Òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ.

«Epo àtùpà ni mo béèrè, Ẹ̀gbọ́n.»

Ìyá elépo náà, ọmọ Ìdáàṣà, arúgbó gan-an ni. Kò béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.