Kì í Ṣe Ìṣẹ́ Ló Ń Mú Ni Tún Nǹkan Lò

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń tọ́mọ ní Èkó lónìí ló dàgbà nínú ilé tí nǹkan kì í ti í ṣòfò. Aṣọ tí kò bá gba ẹ̀gbọ́n mọ́, àbúrò ni yóò wọ̀ ọ́. Bó bá gbó mọ́ àbúrò lára, ó di àkísà ìnulẹ̀. Agolo mílíìkì di òṣùwọ̀n ìrẹsì. Ẹni tó bá fẹ́ ra mínírà lọ sílé gbọ́dọ̀ mú òfìfo ìgò dání, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fi owó dógò. Ewé la fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ewúrẹ́ á sì rí ewé náà jẹ bí a bá jẹ ẹ̀kọ tán. Àwọn alápààrọ̀ ń kiri àdúgbò, wọ́n ń gba aṣọ àlòkù, wọ́n ń fi abọ́ dípò rẹ̀.

Nígbà tí owó wá ń wọlé díẹ̀díẹ̀, a pa àṣà yìí tì. A rò pé àìní ló mú àwọn òbí wa máa ṣe bẹ́ẹ̀. A sọ ohun tuntun di ẹ̀rí pé ayé ti yẹ wá, a sì sọ àtúnṣe di àmì ìyà. Àwọn ọmọ wa kọ́ ọ lára wa láìjẹ́ pé ẹnì kan là á yé wọn. Ìdí nìyí tí ọmọ tí bàtà rẹ̀ já fi ń tijú láti gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnbàtàṣe, tí yóò sì máa bèèrè báàgì ìwé tuntun nígbà tí ti èṣí kò tíì ya. Ẹ̀kọ́ tí a kò mọ̀ pé a ń kọ́ wọn yìí ni mo fẹ́ ká jọ yí padà.

Ẹ wo ibi tó gbé ìlú wa dé. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé ìdọ̀tí tó ń jáde lójúmọ́ tó 13,000 tọ́ọ̀nù. Àkìtàn ńlá Olúsosùn ní Ọjọ́ta, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1992, wà lẹ́yìn odi nígbà náà. Ìlú fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì fẹ̀ kọjá rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná ńlá sọ níbẹ̀, èéfín sì bo àwọn ará àdúgbò mọ́lẹ̀. Náílọ́ọ̀nù omi tí ọmọ wa sọ láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ń bá gọ́tà lọ, ó ń dí ojú kánáà, òjò á rọ̀, omi á sì wọ yàrá oníyàrá. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Síbẹ̀, Èkó kò ṣaláì mọ iṣẹ́ yìí. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ètò ọrọ̀ ajé àlòtúnlò, níbi tí ohun tí ẹnì kan lò tán ti ń padà di ohun èlò fún ẹlòmíràn, ó ti ń lọ lọ́wọ́ lójú wa. Ẹ dé Ládípọ̀ ní Muṣin, ẹ ó rí àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnnì mọ́tò, tí wọ́n ń ṣa èyí tó dára lára rẹ̀ fún títà. Ẹ dé Alábà tàbí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ ó rí ọ̀dọ́ tó ń fi iná jó wáyà pọ̀ nínú fóònù tí olówó rẹ̀ ti pè ní òkú. Irin àlòkù ní Owódé Onírin ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yọ́ ọ láti fi rọ ọ̀pá irin tí a fi ń kọ́lé. Ike omi tí a bá kó jọ, wọ́n á ṣà á ní àwọ̀ àwọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n sì lè sọ ọ́ di òwú tí a ń kì sínú ìrọ̀rí.

Ilé ìdáná wa ni iṣẹ́ yẹn ti ń dára tàbí ti ń bàjẹ́. Bí ọbẹ̀ bá ti ta sí páálí, owó rẹ̀ ti wálẹ̀. Bí èèpo iṣu àti ike bá jọ rà pọ̀ nínú garawa kan, ẹni tó fẹ́ ṣa ike náà yóò kọ́kọ́ fọwọ́ tú ìdin. Ìgò fífọ́ tí a kò wé ń gé àwọn tó ń ṣa àlòkù lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí garawa méjì wà nílé, ọ̀kan fún ohun tútù, èkejì fún ohun gbígbẹ, kí ẹ sì fa èkejì lé ọmọ lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ akólẹ̀ bá ń da méjèèjì pọ̀, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ẹ wá ẹni tó ń ra ike àti páálí ládùúgbò, kí ọmọ náà sì fojú rí owó tó ti ibẹ̀ wá. Ọdún 2012 ni Bilikiss Adébíyìí-Abíọ́lá dá ilé iṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ akẹ́rù lọ gba àlòkù lẹ́nu ọ̀nà àwọn èèyàn, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀bùn san án. Ní Ajégúnlẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ Morit International School gbà kí àwọn òbí máa fi òfìfo ike san lára owó ilé-ìwé ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù kò sí nínú garawa. Ó wà ní ẹnu wa. Kí ni ọmọ wa ń gbọ́ nígbà tí ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kọjá bá ń ké pé òun ń ra irin kọ́ńdẹ́m? Bí a bá ń fi í dẹ́rù ba ọmọ, tí a ń sọ pé, "Bó ò bá kàwé, bàbá yìí ni wàá dà," a ti kọ́ ọmọ náà pé ẹni tó ń tún ìlú ṣe kéré sí ẹni tó ń bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ọmọ tó bá mọ̀ pé iṣẹ́ ni iṣẹ́ yìí ni yóò lè ronú lọ́la láti mú un sunwọ̀n, bóyá gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà, bóyá gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò.

Ẹ jẹ́ ká sì kọ́ wọn pé àtúnlò ní ààlà. Bátìrì mọ́tò kì í ṣe ohun ìṣeré, nítorí òjé wà nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ láìsí àtúnṣe. Òjé tó bá erùpẹ̀ wúrà jáde pa ọmọ tó lé ní 400 ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010. A kì í sun wáyà láti yọ bàbà inú rẹ̀, a kì í sì í fi kẹ́ẹ̀gì tó gbé kẹ́míkà rí gbé omi mímu.

Ìjọba ti gbé ẹsẹ̀ díẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Èkó fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń ta oúnjẹ. Láti oṣù keje ọdún 2025, òfin náà kan síbí, ife àti ọ̀pá ìfamu oníke àlòsọnù, pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ojúṣe ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike kò kúrò lọ́rùn wọn. Ti àwa ni pé kí ọmọ tí a rán lọ ra ìrẹsì àti dòdò gbé abọ́ lọ láti ilé, bí àwa náà ti ń ṣe nígbà èwe wa.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé ká gbé dé ìpàdé òbí àti olùkọ́ nìyí. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń rà báyìí ni wọ́n ti kọ ìbéèrè àti àyè ìdáhùn sínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìwé ẹ̀gbọ́n kò wúlò fún àbúrò mọ́. Ẹ jẹ́ ká bẹ ilé-ìwé kí iṣẹ́ ṣíṣe máa wà nínú ìwé ọ̀tọ̀, kí wọ́n má sì máa pààrọ̀ ìwé lọ́dọọdún. Ní ìparí sáà kẹta, kí gbogbo òbí fọ aṣọ ilé-ìwé tí kò gba ọmọ wọn mọ́, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n gbé e wá, kí olówó àti tálákà sì jọ mú èyí tó bá ọmọ wọn mu. Kí àwa tí apá wa ká tuntun kọ́kọ́ mú. Ọmọ tó bá rí i pé òbí tó lè ra tuntun yan àlòkù pẹ̀lú ọ̀yàyà kò ní í fi àtúnlò ṣe ohun ìtìjú mọ́, ìlú tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sì dàgbà láti darí kò ní í sọ àkìtàn di òkè.