Sinimá Tí A Fi Pamọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun tí a bá fi pamọ́ jù, eku ní í bá wa jẹ ẹ́.

Àwọn ọmọ mi mọ gbogbo eré òde òní. Ṣùgbọ́n bí mo bá dárúkọ Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí, tí Adé Love kópa nínú rẹ̀ ní 1976, tàbí Aiyé ti Hubert Ògúndé ní 1979, ńṣe ni wọ́n ń wò mí bí ẹni ń rọ́ àlá. Kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n?

Ẹ má bá àwọn àgbà wí. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, owó ńlá sì ni. Ẹni tó ni sinimá a gbé e dání láti ìlú dé ìlú, kí olè má baà dà á kọ. Fídíò dé, ẹ̀rù bà wọ́n: kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo bọ́ sọ́wọ́ olè, gbèsè dé nìyẹn! Náírà wá ṣubú lẹ́yìn SAP ti 1986. Ògúndé kú ní 1990, Adé Love ní 1996.

Ó mà ṣe o! Ìbẹ̀rù olè ló gbé eré náà kúrò lójú wa. Olè ìbá jí i, ó kéré tán à bá rí i wò.

Ẹ̀yin tí agolo fíìmù wà ní yàrá bàbá yín, ẹ ṣí i wò. Bó bá ń rùn bí ọtí kíkan, ó ti ń jẹrà nìyẹn. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.